Gìrì, Orí Tó Ń Tóbi, Ọmọ Tí Kò Tètè Jókòó: Bí Òbí Ṣe Lè Ro Ẹjọ́ Ọmọ Níwájú Dókítà N'Íbàdàn

"Kí ló ṣe ọmọ?"

"Gìrì ni, Dókítà."

"Ó tó ìṣẹ́jú mélòó?"

"Háà, ó pẹ́ o."

"Apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n ni, àbí apá òsì, àbí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń há sí. Màmá àgbà ló wà nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀, Màmá sì ti padà sí Ìṣẹ́yìn láti ìjẹta. Bàbá ọmọ wà níbi iṣẹ́. Ìyá tó gbé ọmọ dání wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gbági dé ni, orí ibùsùn ló bá ọmọ tó ti sùn lọ fọnfọn. Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn sí irú ìbéèrè wọ̀nyí ni dókítà fi ń mọ̀ bóyá ibà ló fa gìrì, bóyá warápá ló ń bọ̀, tàbí pé ohun tí wọ́n rí kì í tilẹ̀ í ṣe gìrì. Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́sibítù tó lè padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ yín láago mẹ́ta òru. Ojú yín ló rí i.

Òbí ọmọ, láti ọmọ ọjọ́ kan títí dé nǹkan bí ọdún márùn-ún, ni mo kọ èyí fún. Ẹ lè fo ìpele tí kò bá kàn yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìpele 1 àti ìpele 2.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀

- Fóònù tó ń ya fídíò, tí àyè ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pa díẹ̀ rẹ́ nínú fídíò òde ìnáwó èṣí.
- Téèpù télọ̀. Èyí tó bá ti gbó tó sì ń nà, ẹ má lò ó.
- Ìwé kékeré kan àti bírò, ti ọmọ yẹn nìkan. Ẹ má kọ gbèsè ọjà sínú rẹ̀.
- Tẹmọ́mítà.
- Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ìwé tí wọ́n fún yín níbi tí ẹ bí ọmọ sí. Tó bá jẹ́ ilé agbẹ̀bí ni, tí kò sí ìwé, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́: Ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí i? Ṣé oṣù rẹ̀ pé? Ìgbà wo ló kọ́kọ́ mu ọmú? Ṣé ibà pọ́njú ṣe é lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́?
- Nọ́ńbà onímọ́tò kan ládùúgbò tó máa gbé fóònù lóru. Ẹ pè é lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́ ṣáájú.

Ìpele 1: Ṣé ká sáré ni, àbí ká máa ṣọ́ ọ?

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń ṣọ́. Ọsibítù ni, lóru tàbí lọ́sàn-án:

- Gìrì tó ti tó ìṣẹ́jú 5 tí kò tíì dáwọ́ dúró, tàbí tó tún mú un kó tó jí láti inú ti àkọ́kọ́.
- Gìrì àkọ́kọ́ láyé ọmọ, bó tiẹ̀ kúrú. Tí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6, gbogbo gìrì ni.
- Ọmọ tí kò tíì mọ èèyàn lẹ́yìn ìdajì wákàtí tí gìrì ti lọ.
- Ibà pẹ̀lú ọrùn tó le gbagidi, tàbí àwùjẹ̀ tó wú sókè nígbà tí ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ tí kò sunkún.
- Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó rọ lójijì. Ọmọ SS (ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde) tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tàbí tí apá kan rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ẹ gbé e lọ bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó ti padà bọ̀ sípò láàárín wákàtí kan. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ọpọlọ ló ń fà á, èyí tó kàn sì lè má padà.
- Ọmọ tó ṣubú, tó wá ń bì léraléra, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí.
- Ọmọ tuntun tó ń mu ọmú dáadáa tẹ́lẹ̀, tó wá dáwọ́ dúró, tó le gan-an tàbí tó rọ jọ̀bọ̀tọ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ibà pọ́njú ọmọ tuntun, torí pé nílé wa níbí, òun ló ń sọ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn ì bá pé di ẹni tí kò lè dá jókòó tàbí tí kò gbọ́ràn. Tí ara ọmọ bá ti ń pọ́n bí ìyeyè láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, tàbí tí àwọ̀ náà bá ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má gbé e sá sóòrùn kẹ́ ẹ máa retí. Oòrùn àárọ̀ kò lágbára tó. Iná pàtàkì tí wọ́n ń lò lọ́sibítù ló ń ṣe é, nígbà mìíràn wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ tó sì ń ké lóhùn tín-ín-rín, ó ti ń wọ ọpọlọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti káfúrà mọ́ ọn: aṣọ ọmọ tí wọ́n fi káfúrà sí látọjọ́ pípẹ́, ẹ má fi wọ ọmọ tuntun. Nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín wa ni èròjà G6PD inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, òórùn káfúrà nìkan sì tó láti tú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ká, ibà pọ́njú á sì bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tún ń gba àárín èèyàn kọjá láìsí ariwo ni ti ọmọ oṣù 3 sí 12 tó ń tẹ̀ ba lójijì. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti oorun, orí rẹ̀ á tẹ̀ síwájú, ọwọ́ méjèèjì á ṣí sókè, orúnkún á ká wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, á dẹ̀. Á tún dé. Ó lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tàbí ogún léra wọn, á wá bú sẹ́kún. Àwọn ará ilé á ní inú rírun ni, wọ́n á fún un ní gripe water. Gìrì burúkú kan ni, tó ń jẹ ọpọlọ ọmọ díẹ̀díẹ̀, kò sì ní jọ gìrì lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ya fídíò rẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ dókítà ọmọdé lọ́la.

Ìtagìrì lásán ńkọ́? Ilẹ̀kùn gbá, ọmọ fò, ó na ọwọ́ méjèèjì: ìyẹn kò léwu, ó sì máa ń tán nílẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù 6. Tí ọwọ́ ọmọ tuntun bá ń gbọ̀n, ẹ rọra dì í mú. Tó bá dáwọ́ dúró lábẹ́ ọwọ́ yín, ó ṣeé ṣe kó má ṣe gìrì. Tó bá ń gbọ̀n lọ lábẹ́ ọwọ́ yín, tàbí tí ojú rẹ̀ yí sí apá kan, gìrì ni kẹ́ ẹ pè é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn ìpele yìí, ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ọ̀kan nínú mẹ́ta: "ìsinsìnyí ni," "ọ̀la ni," tàbí "a máa ṣọ́ ọ, a máa kọ ọ́ sílẹ̀." Tẹ́ ẹ bá ń jiyàn láàárín méjì, ẹ mú èyí tó yá jù.

Ìpele 2: Nígbà tí gìrì bá ki ọmọ mọ́lẹ̀

1. Ẹ wo aago. Kí ẹ tó pariwo, kí ẹ tó pe Ọlọ́run, ẹ wo aago. Ìṣẹ́jú kan nínú gìrì máa ń dà bí wákàtí, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé "ó pẹ́."

2. Tí ọmọ bá wà lẹ́yìn yín, ẹ tú ọ̀já. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní, jìnnà sí ààrò, sítóòfù àti igun tábìlì.

3. Ẹ dà á dẹ̀gbẹ́, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀ díẹ̀ kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn.

4. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má na apá tó ká. Ẹ kàn dúró tì í.

5. Ní ìṣẹ́jú 5 tí kò bá tíì dáwọ́ dúró, ẹ máa lọ sọ́nà pẹ̀lú rẹ̀, dẹ̀gbẹ́ lórí itan.

Ìkìlọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù lọ nìyí. Ṣíbí kò gbọdọ̀ wọ ẹnu. Kò sí ẹni tó ń gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì. Eyín tí ṣíbí ká ló ń bọ́ sọ́nà ọ̀fun. Omi àlùbọ́sà, kẹrosíìnì, ata lójú, ẹsẹ̀ ọmọ lórí iná: mo ti rí àpá iná lẹ́sẹ̀ ọmọ tí gìrì rẹ̀ ti tán tipẹ́, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Gìrì á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹni tó fi iná sí i á gbà pé iná ló lé e lọ.

Àgbo ìtọ̀ màlúù ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ewé tábà, aáyù, ẹfinrin, àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń rẹ sínú ìtọ̀ màlúù náà. Ewé tábà lè dá èémí ọmọ dúró. Àgbo náà tún ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ sì ń fa gìrì mìíràn. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà n'Íbàdàn ti ń kọ̀wé nípa ọmọ tí àgbo yìí gbé lọ, ó ṣì wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé púpọ̀. Tí wọ́n bá ti fún ọmọ mu kẹ́ ẹ tó dé, ẹ sọ ọ́ lọ́sibítù láìtijú. Wọ́n nílò rẹ̀ láti mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Wàyí o, ta ló máa sọ fún ìyá ọkọ pé kó gbé ṣíbí sílẹ̀? Ẹ má bá a jà, kò sáyè fún ìjà. Ẹ fún un níṣẹ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi di fóònù yìí mú, ẹ máa ka ìṣẹ́jú fún mi sókè." Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí tí ẹnu rẹ̀ ń kà kò ní ráyè wá ìgò. Ẹ tún ti rí ẹni tó máa jẹ́rìí àkókò níwájú dókítà. Bàbá àgbà tó ń pariwo, ẹ ní kí wọ́n lọ dá mọ́tò dúró.

Nígbà tó bá dáwọ́ dúró, ẹ fi í sílẹ̀ dẹ̀gbẹ́. Kò sí omi, kò sí oògùn lẹ́nu títí á fi jí dáadáa tó lè gbé nǹkan mì. Tí ara bá gbóná, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kù. Ẹ má rì í sínú omi tútù. Parasitamọ́ọ̀lù á mú kí ara tù ú nígbà tó bá jí, àmọ́ kò dí gìrì lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi kún ìwọ̀n rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Òbí máa ń béèrè pé ṣé gìrì ibà ti ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Gìrì tí ibà ń fà láàárín oṣù 6 sí ọdún 5, tó mú gbogbo ara, tí kò tó ìṣẹ́jú 15, tí kò sì tún ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 24, kì í ba ọpọlọ jẹ́. Nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ló tún máa ń ní in lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ gbé ti àkọ́kọ́ lọ sọ́sibítù náà ni pé ibà ẹ̀fọn tó wọ ọpọlọ àti àrùn yírùnyírùn máa ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ṣé àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò geere? Ṣé ètè àti ahọ́n rẹ̀ ti padà sí àwọ̀ wọn? Ẹ fi èékánná rìn ín ní àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì: ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì ló fà sẹ́yìn bákan náà? Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn gìrì kò burú, bó bá ṣáà ti ń yíra padà nígbà tẹ́ ẹ bá pè é.

Ìpele 3: Fídíò àti ìwé

Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dà á dẹ̀gbẹ́, kí ẹlòmíràn yà á. Ẹ tan iná. Ẹ ká aṣọ ìbora kúrò. Ẹ kọ́kọ́ mú gbogbo ara rẹ̀, kẹ́ ẹ tó súnmọ́ ojú, torí apá tí ẹyinjú yí sí ṣe pàtàkì. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ sínú fídíò kí dókítà lè rí i bóyá ó dáhùn. Ẹ jẹ́ kí fídíò máa lọ títí yóò fi tán. Ìparí rẹ̀ wúlò tó ìbẹ̀rẹ̀. Àdúrà kíkígbe máa ń bo ìró èémí ọmọ mọ́lẹ̀, ẹ rọra gbà á sínú. Ẹ má sì gbé e sórí status. Ìhòhò ọmọ ni, ọmọ á sì dàgbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Báyìí ni ó ṣe yẹ kó rí:

"Ọjọ́bọ̀. Aago 4:10 ìdájí. Ó ń sùn lọ́wọ́. Ara gbóná, 39.2. Ojú yí sí ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, kó tó kan gbogbo ara. Itọ́ yọ, ó tọ̀ sára. Ìṣẹ́jú 3. Ó sùn. Ó jí 4:40, ó mọ̀ mí, ó mu ọmú. Ọwọ́ ọ̀tún kò lágbára títí ilẹ̀ fi mọ́."

Gbólóhùn nípa ọwọ́ ọ̀tún yẹn nìkan lè yí irú àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe padà.

Ohun tó ṣáájú ṣe kókó bíi gìrì fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún kan àti ààbọ̀ tí wọ́n gba bísíkíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, tó ké, tó wá dá èémí dúró, tó dúdú lẹ́nu, tó ṣubú lulẹ̀: tí ẹ bá ti bísíkíìtì sọ, dókítà á mọ̀ pé ìbínú ló fi di èémí mú, á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá èròjà irin kò tó. Tẹ́ ẹ bá kàn sọ pé "ó dákú," ọ̀nà mìíràn ni gbogbo rẹ̀ máa gbà. Ọmọ tó ń wo ojú kan ṣáá bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti lọ, ẹ fọwọ́ kàn án: tó bá bojú wò yín, àlá ojúmọmọ ni, tí kò bá mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fún aládùúgbò tí kò sí níbẹ̀ ní ìwé náà kó kà. Ó yẹ kó lè ṣe é hàn yín bó ṣe rí. Ibi tó bá ti ń béèrè ìbéèrè ni ẹ kò tíì kọ tán.

Ìpele 4: Téèpù àti ọjọ́ orí

Ẹ tú irun ọmọ tó bá jẹ́ dídì. Téèpù á gba òkè ìpéǹpéjú, á kọjá lókè etí, á yí ibi tó yọ jù lẹ́yìn orí ká. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ èyí tó tóbi jù. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé sábà máa ń ní orí tó wà láàárín 33 sí 37 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí wọ́n bí i. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ń fi nǹkan bí 2 sẹ̀ǹtímítà kún un lóṣù. Láti ibẹ̀ dé oṣù kẹfà, 1. Títí dé ọdún kan, ìdajì. Ìwọ̀n kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. Bó ṣe ń gòkè lóṣooṣù ni ọ̀rọ̀ wà.

Orí tó ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí iṣan ń yọ lára rẹ̀, tí ẹyinjú ọmọ ń wolẹ̀ débi pé funfun ojú hàn lókè rẹ̀, omi ló ń gbára jọ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló ń fẹ́, bó bá sì ṣe ń pẹ́ ni ọpọlọ ń jìyà rẹ̀ tó. Orí tí kò kúrò lójú kan náà léwu, pàápàá fún ọmọ tí kò ké nígbà tí wọ́n bí i.

Ní ti ìdàgbàsókè, àwọn ààlà tí mo máa ń wò nìyí:

- Oṣù 2: kò tíì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni.
- Oṣù 4: ọrùn kò tíì dúró, ọwọ́ ṣì di pọ̀ ní ìkùùkù ní gbogbo ìgbà.
- Oṣù 9: kò lè dá jókòó.
- Oṣù 12: kò ṣe "bàbàbà, dàdàdà," kò dáhùn sí orúkọ rẹ̀.
- Oṣù 18: kò rìn, tàbí kò ní ọ̀rọ̀ kankan.
- Ọdún 2: kò tíì so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, irú bíi "mu omi."
- Ìgbàkígbà: ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ tó wá gbàgbé. Èyí kò ní sùúrù nínú rárá.

Ọmọ tí kò pé oṣù kí wọ́n tó bí i, ẹ yọ oṣù tó ṣẹ́ kù náà kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méjì.

"Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó rìn." "Ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀." Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí dókítà ló máa sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, etí ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bákan náà ni ti ọmọ oṣù méje tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì nìkan ló fi ń mú gbogbo nǹkan, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọmọ kì í yan ọwọ́ kó tó pé ọdún kan. Ẹ lọ wo ọwọ́ ọ̀tún tí kò lò.

Màmá tó ń wẹ ọmọ ni kẹ́ ẹ bi jù. Àwọn àgbà tí mo wí lẹ́ẹ̀kan lórí ṣíbí, ọwọ́ wọn mọ ara ọmọ ju ojú dókítà lọ. "Màmá, tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ṣé ara rẹ̀ kò le jù? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣí dáadáa?" Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ ara wọn tí pámpáásì kò fi ṣeé fi sí, tí kò ṣeé pọ̀n nítorí pé itan kò là, tàbí ọmọ tó ń yọ́ bọ́ nínú ọ̀já torí pé ara rẹ̀ dẹ̀ jù, ọwọ́ ìyá àgbà ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má jù ú sókè, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ gbé e kọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ó kéré tán, ìwọ̀n orí méjì tí oṣù kan wà láàárín wọn wà nínú ìwé. Tí àmì inú ìpele 1 tàbí àwùjẹ̀ wíwú bá wà, ẹ má dúró de oṣù kankan.

Ìpele 5: Ibo la máa gbé e lọ n'Íbàdàn?

Ọmọ tí gìrì ṣì ń mú lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ọsibítù mẹ́ta nínú gó-síló Ìwó Road nítorí pé UCH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìbàdàn, ni ẹ ní lọ́kàn. Èyí tó bá súnmọ́ jù tó ní ọ́síjìn àti dókítà lóru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí wọ́n dá gìrì dúró, kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ibà wò, kí wọ́n tó tari yín. Ẹ wádìí èyí tó wà ládùúgbò yín lọ́sàn-án òní. Ẹni tó wà nítòsí Yemẹtù ní Adéọ̀yọ́. Ẹni tó wà ní apá Ring Road ní ọsibítù àwọn ọmọdé ti Oni Memorial. UCH ní ẹ̀ka pàjáwìrì tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé, lẹ́tà kò sì pọn dandan fún ọmọ tó wà nínú ewu.

Èyí tí kì í ṣe pàjáwìrì ni lẹ́tà wà fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ńtà ìlera tàbí ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín, ẹ gba lẹ́tà sí dókítà ọmọdé tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan. Tẹ́ ẹ bá wà lábẹ́ OYSHIA, ètò ìbánigbófò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibi tí wọ́n kọ orúkọ yín sí ni lẹ́tà ti gbọ́dọ̀ wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa san owó fúnra yín. Ẹ tètè jí lọ́jọ́ kílínìkì, ẹ gbé oúnjẹ ọmọ dání. Ẹni tó rí i lójú ni kó tẹ̀ lé ọmọ wọlé. Tí kò bá lè wá, ẹ pè é lórí fóònù níwájú dókítà.

Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó dùn yín jù ní gbólóhùn kan: "Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni, kò lè jókòó, kò sì ké nígbà tí a bí i." Ẹ wá gbé ìwé sílẹ̀, ẹ fi fídíò hàn án. Ìtàn ẹni tó ṣépè fúnni lè dúró.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nípa ẹsẹ̀ tó rọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ, wọ́n á gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí 24 láàárín wọn, láàárín ọjọ́ 14 tó bẹ̀rẹ̀, láti wá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ẹ má bínú sí wọn, iṣẹ́ wọn ni. Èkejì ni ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìdí: abẹ́rẹ́ ti kan iṣan ńlá tó gba ìdí kọjá. Itan ni wọ́n ti ń gún ọmọ kékeré. Ẹ ní ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé síríńjì, ní kẹ́míìsì tàbí níbikíbi.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kẹ́ ẹ tó kúrò ní yàrá dókítà, ẹ lè dárúkọ ohun tó rò pé ó ṣe ọmọ, ohun tí ẹ máa ṣe tó bá tún ṣẹlẹ̀, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá. Tí ọ̀kan kò bá yé yín, ẹ má tíì dìde.

Ìpele 6: Ọjọ́ àyẹ̀wò

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe EEG, àyẹ̀wò bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ tú irun ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi àdí, òróró tàbí kírímù sí i. Okùn tín-ín-rín ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ orí. Òróró kì í jẹ́ kó dì í mú, wọ́n á sì dá yín padà sílé. Ẹ béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí ọmọ wá pẹ̀lú oorun lójú. Kò ní dùn ún, wọn kì í fi iná sí i lára. Ó kàn ń gbọ́ iná mànàmáná tí ọpọlọ ń ṣe fúnra rẹ̀ ni. EEG tí kò rí nǹkan kan kò sọ pé kò sí warápá. Fídíò yín ṣì wúlò.

Ọmọ SS ní àyẹ̀wò tirẹ̀, TCD, tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lọ sí ọpọlọ. Láti ọdún 2 dé 16, lọ́dọọdún. Ẹ béèrè fún un, ẹ má dúró kí wọ́n tó rántí yín.

Ìpele 7: Oògùn nílé

Síríńjì ni kẹ́ ẹ fi wọn oògùn olómi. Ṣíbí ìdáná kò ní ìwọ̀n. Ẹ gbọn ìgò. Ẹ má dá oògùn gìrì dúró lójijì nítorí pé oṣù mẹ́ta ti kọjá láìsí nǹkan kan, tàbí nítorí pé wọ́n ní kẹ́ ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje fún un. Ẹ gbààwẹ̀ tiyín, kí ọmọ mu oògùn tirẹ̀. Tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó kàn, pàápàá nítòsí ọdún Iléyá àti Kérésì.

Ẹ má fi ọmọ tó ní warápá sílẹ̀ lóun nìkan nídìí iná, kànga tàbí báàfù omi. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ fún tíṣà rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi, torí ìbẹ̀rù itọ́ yẹn ló ń mú kí àwọn èèyàn sá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣọ́ ọmọ, ìyá àgbà ni o, ọmọ ọ̀dọ̀ ni o, tíṣà ni o: "Kí lorúkọ oògùn rẹ̀? Ìwọ̀n wo? Aago mélòó?" Kí ó wá gbé bèbí kan sílẹ̀ níwájú yín, kó ṣe ìpele 2 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Tó bá wá ṣíbí, ẹ tún un kọ́.